Wèrè yàtọ̀, gígùn yàtọ̀, wárápá náà yàtọ̀

  

Ọ̀rọ̀ ìlera la fẹ́ sọ lónìí, àmọ́ inú èdè wa la ti máa bẹ̀rẹ̀. Ká ní ènìyàn kan ṣubú lójijì láàárín ọjà, ó ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, ẹ máa gbọ́ oríṣiríṣi. Ẹnì kan á ní, "Orí rẹ̀ ti yí, wèrè ni." Òmíràn á ní, "Òrìṣà ìdílé wọn ló gùn ún." Ẹlòmíràn á ní, "Ẹ̀mí burúkú ni, ẹ pe wòlíì." Ẹnì kan á sì pariwo pé, "Wárápá ni, ẹ má fọwọ́ kàn án!" Ẹnì kan ṣoṣo ló ṣubú, orúkọ mẹ́rin ni wọ́n fún un.

Orúkọ tí ẹbí bá gbà lọ́jọ́ yẹn ló máa sọ ibi tí wọ́n máa gbé e lọ. Ilé òrìṣà ni, ilé àdúrà ni, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ni, àbí ilé ìwòsàn. Bí orúkọ bá ti ṣì, ọ̀nà á ṣì. Oṣù á máa gun oṣù, owó á máa lọ, àìsàn á sì máa fìdí múlẹ̀. Ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ yẹ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn baba wa ò sọ wọ́n di ọ̀kan. Àwa la ń dà wọ́n pọ̀.

Gùn: kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

A máa ń gun ẹṣin, a máa ń gun igi, a máa ń gun kẹ̀kẹ́. Bí a bá ní òrìṣà gun ènìyàn, ohun tá à ń sọ ni pé òrìṣà jókòó lé e lórí bí ẹni gun ẹṣin. Ẹni tí òrìṣà máa ń gùn là ń pè ní ẹlẹ́gùn. Àwọn oníṣàngó tún ń pè é ní adóṣù. Àwọn mìíràn ń pè é ní ìyàwó òrìṣà, kódà bó jẹ́ ọkùnrin.

Ẹ wò ó, kò sí àìsàn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ tún wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Ó ní ọjọ́ rẹ̀: ọjọ́ ọdún tàbí ọjọ́ ètùtù. Ó ní ìlù àti orin tirẹ̀, bí bàtá ṣe jẹ́ ti Ṣàngó. Ẹni tí òrìṣà ń gùn ti wọ ilé òrìṣà rí, wọ́n ti ṣe ètò rẹ̀ fún un, wọ́n ti kọ́ ọ lẹ́kọ̀ọ́. Bó bá ti ń gùn ún, àwọn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí òrìṣà kò gùn. Àwọn ló ń dì í mú kó má ṣe ara rẹ̀ léṣe, àwọn ló ń wọ aṣọ òrìṣà fún un, àwọn ló ń dá a padà nígbà tó bá yá. Lẹ́yìn náà, ojú rẹ̀ á wálẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í rántí ohun tí wọ́n ṣe. Lọ́jọ́ kejì ó ti wà lóko, tàbí ó ti wà nídìí igbá ọjà rẹ̀, ó ń ka owó, kò sì ṣì í kà.

Ọ̀rọ̀ yìí ti rìn jìnnà. Ẹ mọ̀ pé wọ́n kó àwọn èèyàn wa lẹ́rú gba orí òkun lọ sí Brazil. Ní Bahia níbẹ̀, àwọn ẹlẹ́sìn òrìṣà kan wà tí wọ́n ṣì ń pe ara wọn ní Ketu títí dòní, nítorí Kétou tó wà níwájú wa yìí. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé òrìṣà lọ́dọ̀ wọn, iaô ni wọ́n ń pè é. Ọ̀rọ̀ wa ìyàwó ni. Obìnrin tí òrìṣà kì í gùn, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa tọ́jú ẹni tí òrìṣà ń gùn, ekedi ni wọ́n ń pè é, láti inú èkejì. Ọmọ Faransé kan tó ń jẹ́ Pierre Verger, tí wọ́n ṣe ní babaláwo ní Kétou lọ́dún 1953, tí wọ́n sì sọ ní Fátúmbí, ya àwòrán ẹlẹ́gùn púpọ̀ níhìn-ín àti ní Bahia. Níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ẹni tí òrìṣà gùn kì í dá wà. Ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ máa ń wà níbẹ̀.

Àwọn ọmọ ìjọ náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn. Ní ìjọ Sẹ̀lẹ́, tí Samuel Biléhou Oschoffa dá sílẹ̀ ní Porto-Novo lọ́dún 1947, ẹ máa ń gbọ́ pé ẹ̀mí bà lé aríran. Bí ẹyẹ ṣe ń bà lé igi ni. Ó bà lé e, ó jíṣẹ́, ó sì lọ. Ibẹ̀ náà, àdúrà àti orin ló ṣáájú, àwọn èèyàn sì wà nítòsí tó ń gbọ́ ohun tí aríran ń sọ. A kò wá dá ẹjọ́ ẹ̀sìn níhìn-ín. Ohun tá à ń sọ ni pé gùn àti bà lé jẹ́ ọ̀rọ̀ ohun tó ń wá, tó sì ń lọ, láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Wèrè àti àwọn ọ̀rọ̀ tó sún mọ́ ọn

Wèrè ní tirẹ̀ kò dúró de ìlù. Kì í dédé lọ bí ọdún bá parí. Ẹni tí wèrè mú lè máa gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn ò gbọ́. Ó lè máa rò pé gbogbo ayé ń lé òun. Ó lè dẹ́kun ìwẹ̀, kó dẹ́kun iṣẹ́, kó máa bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó lè pẹ́ lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀, fún oṣù, fún ọdún. Àìsàn ni, bí ibà ṣe jẹ́ àìsàn. Ọpọlọ ni ibùjókòó rẹ̀.

Asínwín ni ọ̀pọ̀ àgbà ń lò fún ẹni tí tirẹ̀ ń wá tó ń lọ, tó lè gún régé fún oṣù díẹ̀ kó tó tún dé. Nítorí pé ó ń wá tó ń lọ, àwọn kan máa ń rò pé òrìṣà ló ń gùn ún. Àmọ́ ta ló lù ú ní ìlù? Ta ló pè é?

Abísínwín ni tèmi fẹ́ràn jù nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí, nítorí ó fi hàn pé àwọn ìyá wa àgbà mọ nǹkan. A bímọ, a sínwín. Obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí ara rẹ̀ yá tẹ́lẹ̀, tó wá yí padà lójijì. Kò sùn, kódà nígbà tí ọmọ bá sùn. Ó ń sọ ìsọkúsọ. Ó ń sọ pé ọmọ náà kì í ṣe tòun, tàbí pé ẹnì kan fẹ́ gbà á. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ pàjáwìrì ni. Ẹ̀mí méjì ló wà nínú ewu, ti ìyá àti ti ọmọ. Kì í ṣe pé obìnrin náà burú, kì í ṣe pé ó ṣe àgbèrè tó wá kọ̀ láti jẹ́wọ́, bí àwọn kan ṣe máa ń fẹ̀sùn kàn án. Bí wọ́n bá tètè tọ́jú rẹ̀, ó sábà máa ń gbádùn, á sì tọ́ ọmọ rẹ̀.

Wárápá kì í ṣe wèrè rárá. Iná inú ọpọlọ ló ṣẹ́jú, bí iná mànàmáná ṣe máa ń ṣe nínú ilé. Ẹni náà á ṣubú, á le gbagidi, á máa gbọ̀n, ó lè tọ̀ sára, ó lè já ahọ́n rẹ̀ jẹ. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan á dáwọ́ dúró, oorun á sì gbé e. Bó bá jí, orí rẹ̀ pé bíi tiwa. Ó lè lọ sílé ìwé, ó lè fẹ́ aya, ó lè bímọ. Itọ́ rẹ̀ kì í ran ènìyàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé bí 50 mílíọ̀nù èèyàn ló ní in láyé, àti pé tó bá jẹ́ pé wọ́n rí ìtọ́jú tó yẹ, nǹkan bíi méje nínú mẹ́wàá wọn lè wà láì tún ṣubú mọ́. Ẹ tún un gbọ́: méje nínú mẹ́wàá.

Gìrì ni ti ọmọdé tí ara rẹ̀ gbóná gan-an tó wá ń gbọ̀n. Ní agbègbè wa, ibà ẹ̀fọn ló sábà máa ń fà á. Ibà yìí kan náà lè mú kí àgbàlagbà máa sọ ìsọkúsọ bíi wèrè. Ẹni tí orí rẹ̀ dàrú tí ara rẹ̀ sì gbóná, ẹ má pe babaláwo, ẹ má pe wòlíì ṣáájú. Ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an. Ibà tó bá dé inú ọpọlọ lè pa ènìyàn láàárín ọjọ́ kan sí méjì.

Dìndìnrìn ni ẹni tí òye rẹ̀ kò dàgbà bó ṣe yẹ láti kékeré. Òun náà kì í ṣe wèrè, òrìṣà kò sì gùn ún. Ó nílò ẹ̀kọ́ àti sùúrù.

A ò sì gbọ́dọ̀ gbàgbé àwọn ọ̀dọ́ wa. Igbó mímu lè da orí rú. Tramadol tí wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀ ọjà lè mú kí ènìyàn ṣubú kó máa gbọ̀n bí ẹni wárápá mú. Bí ọmọkùnrin ogún ọdún bá ṣubú lójijì tí kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ẹ wo àpò rẹ̀ kí ẹ tó wá àjẹ́.

Ìbéèrè mẹ́rin tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀

Báwo la ṣe máa mọ èyí yàtọ̀ sí ìyẹn? Ẹ fi ìbéèrè mẹ́rin yìí sọ́kàn.

Èkíní: ṣé ó ní ọjọ́ àti ibi? Bó bá jẹ́ níbi ọdún, lójú ìlù, láàárín àwọn tó mọ̀ ọ́n, ó lè jẹ́ gígùn. Bó bá jẹ́ lóko, nínú oorun, lẹ́bàá odò, nídìí iná ìdáná, kì í ṣe ọjọ́ òrìṣà.

Èkejì: ṣé ẹni náà ti wọ ilé òrìṣà rí? Ọmọ ọdún méje tí kò wọ ilé òrìṣà kankan, tó ń ṣubú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kì í ṣe ẹlẹ́gùn.

Ẹ̀kẹta: ṣé ó mọ bó ṣe ń ṣe ara rẹ̀? Ẹlẹ́gùn lè jó lórí ẹsẹ̀ kan, kó yí bírí, kò ní wọ inú iná láìmọ̀. Ẹni wárápá mú máa ń ṣubú sínú iná, sínú omi, sórí òkúta. Ojú ọgbẹ́ iná lára ọmọ jẹ́ ẹ̀rí tí a ò gbọ́dọ̀ fojú fò.

Ẹ̀kẹrin: lẹ́yìn tó parí, báwo ni ayé rẹ̀ ṣe rí? Ẹlẹ́gùn padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí wárápá mú sùn, ó jí, orí rẹ̀ pé, àmọ́ á tún ṣubú lọ́jọ́ mìíràn. Ẹni tí wèrè mú kò padà: iṣẹ́ rẹ̀ ń bàjẹ́, ilé rẹ̀ ń tú, oorun rẹ̀ kò sí.

Àwọn àgbà ẹlẹ́gùn fúnra wọn mọ èyí. Ẹ lọ bi wọ́n. Ẹni tó ṣubú níbi tí kò yẹ, lọ́nà tí kò yẹ, wọn kì í yára sọ pé òrìṣà ni. Ẹlẹ́gùn náà lè ṣàìsàn. Ènìyàn lè jẹ́ ọmọ òrìṣà lọ́jọ́ ọdún, kó sì ní wárápá lọ́jọ́ mìíràn. Ọ̀kan ò ní kí èkejì má wà. Ìwé Mímọ́ náà ò dà wọ́n pọ̀: ní Mátíù orí 4, ẹsẹ 24, níbi tó ti ń ka àwọn aláìsàn tí wọ́n gbé wá, ó ya àwọn tí ẹ̀mí ń dà láàmú sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn mìíràn. Èdè Lárúbáwá ló so wọ́n pọ̀ jù: majnūn tí wọ́n ń pe ẹni tí wèrè mú, inú ọ̀rọ̀ jinn ló ti wá, ìyẹn àlùjànnú. Bóyá ìyẹn wà lára ohun tó ń mú kí àwọn kan tètè dárúkọ àlùjànnú. Àmọ́ tiwa yàtọ̀. Wèrè kò ní orúkọ ẹ̀mí kankan nínú.

Oníṣègùn ńkọ́?

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ẹbí, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ. A ò wá bú wọn. Ewé kan wà tí àwọn baba wa ń lò fún wèrè láti ọjọ́ pípẹ́, asófẹ́yẹjẹ. Àwọn oyìnbó náà rí agbára rẹ̀. Lọ́dún 1952 ni wọ́n rí oògùn tí wọ́n ń pè ní réserpine nínú gbòǹgbò ẹ̀yà rẹ̀ tó ń hù ní Íńdíà, wọ́n sì lò ó nílé ìwòsàn fún àìsàn ọpọlọ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Ohun tó ní agbára ló ní ewu. Asófẹ́yẹjẹ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ jù, kí ènìyàn dákú. Bí oníṣègùn ò bá mọ ìwọ̀n rẹ̀, tàbí bí wọ́n bá dà á pọ̀ mọ́ oògùn ilé ìwòsàn láì sọ fún nọ́ọ̀sì, ó lè pa ènìyàn. Torí náà, bí ẹ bá ti mu àgbo, ẹ sọ ọ́ ní ilé ìwòsàn. Ẹ má tijú.

Ẹnì kan tó mọ bí wọ́n ṣe ń so ọ̀nà méjèèjì pọ̀ ni Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta lọ́hùn-ún. Lọ́dún 1954, ní Àrò, kò fẹ́ kí wọ́n máa ti àwọn tí wèrè mú mọ́lé nìkan. Ó ní kí wọ́n máa gbé nínú abúlé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwòsàn, kí ẹnì kan nínú ẹbí wọn wà lọ́dọ̀ wọn, kó máa sè fún wọn. Wọ́n ń gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn, wọ́n ń ṣiṣẹ́ lóko pẹ̀lú àwọn ará abúlé. Ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra láti ṣèrànwọ́. Àwọn dókítà láti ilẹ̀ òkèèrè wá wò ó. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ fún wa ni pé oògùn ń ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí ẹbí bá dúró ti ènìyàn.

"Wèrè tó bá ti wọ ọjà"

Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo wa gbọ́ láti kékeré: wọ́n ní wèrè tó bá ti wọ ọjà, kò ṣeé wò mọ́. Ọ̀rọ̀ yìí ti ṣe ibi púpọ̀. Nítorí rẹ̀, bí ẹbí bá ti gbọ́ pé wọ́n rí ọmọ wọn ní ìhòòhò lọ́jà, wọ́n á ká ọwọ́ kúrò. Wọ́n ti gbà pé ó ti tán. Kì í ṣe òótọ́.

Ẹ gbọ́ ti Grégoire Ahongbonon. Ọmọ ilẹ̀ Benin wa ni. Kì í ṣe dókítà. Ẹni tó ń tún táyà ṣe ni ní Bouaké, ní Côte d'Ivoire. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ bá àwọn tí wèrè mú lójú títì àti láàárín ọjà, ó ń fún wọn lómi àti oúnjẹ, ó ń wá ibi tí wọ́n máa sùn àti ẹni tó máa fún wọn lóògùn. Ó lọ sí àwọn abúlé tí wọ́n ti de ènìyàn mọ́ igi fún ọdún púpọ̀, ó sì tú wọn sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó dá sílẹ̀, Saint-Camille, ti ní ibùdó ní Benin báyìí. Ọ̀kan wà ní Avrankou, lẹ́bàá Porto-Novo, kò jìnnà sí wa. Nínú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní àwọn ibùdó wọn, àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n fúnra wọn ti ṣàìsàn yìí rí. Ẹni tó wọ ọjà lánàá, òun ló ń pín oògùn fún ẹlòmíràn lónìí.

Ọ̀rọ̀ ìdè náà ńkọ́? Lọ́dún 2020, àjọ Human Rights Watch gbé ìròyìn kan jáde pé ní nǹkan bí 60 orílẹ̀-èdè, wọ́n ṣì ń fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de àwọn tó ní àìsàn ọpọlọ. Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan. A mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń mú kí ẹbí de èèyàn wọn, kì í ṣe ìkórìíra. Ẹ̀rù ń bà wọ́n kó má lọ sọnù, kó má lu ọmọ ẹlòmíràn. Àmọ́ okùn kì í wo wèrè sàn. Ó ń dá egbò sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ó sì ń jẹ́ kí ẹni náà rò pé lóòótọ́ ni gbogbo ayé ń lé òun.

Àwọn baba wa ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín lọ́jà, kó rántí pé ẹnì kan ló bí i. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa dẹ́kun jíju òkò.

Kí la máa ṣe?

Bí ẹnì kan bá ṣubú tó ń gbọ̀n, ẹ má sá. Ẹ gbé òkúta, ọ̀bẹ àti iná kúrò nítòsí rẹ̀. Ẹ fi aṣọ sábẹ́ orí rẹ̀. Ẹ má di ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ẹ má ki ṣíbí tàbí igi bọ̀ ọ́ lẹ́nu, eyín á kán, kò sì ní gbé ahọ́n mì. Bó bá ti rọ̀, ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kí itọ́ lè ṣàn jáde. Ẹ má da epo, àgbo tàbí omi sí i lẹ́nu. Fún ọmọdé tí gìrì mú, ẹ jìnnà sí àgbo ìtọ̀ màlúù. Ó lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀ jù, ó sì ti pa ọmọ. Ẹ má gbé ẹni tó ṣì ń gbọ̀n sórí zémìjàn. Ẹ wo aago. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí bó bá dáwọ́ dúró tó tún bẹ̀rẹ̀ láì tíì jí, ẹ wá mọ́tò, ilé ìwòsàn ni.

Bó bá jẹ́ wárápá ni wọ́n rí lára rẹ̀, wọ́n lè fún un ní phénobarbital tàbí òmíràn. Oògùn yìí kì í ṣe tòní, láti 1912 ni wọ́n ti ń lò ó, kò sì wọ́n. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lò ó. Ẹni tó bá já a lójijì nítorí pé kò ṣubú mọ́, ó lè ṣubú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kí oògùn tó tán ni kí ẹ lọ gba òmíràn. Ẹ má sì rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lórí igbá lójú oòrùn.

Bó bá jẹ́ pé orí ẹni náà ló ń dàrú díẹ̀díẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tó máa wọ ọjà. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn tó sún mọ́ yín. Bí agbára wọn ò bá ká a, wọ́n á kọ ìwé fún yín láti lọ síbi tó ga jù. Ní Cotonou, ilé ìwòsàn ńlá kan wà fún àìsàn ọpọlọ, Jacquot ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lórí èdè. Faransé ni wọ́n fi ń kọ nǹkan sílẹ̀ nílé ìwòsàn. Wọ́n máa ń lo crise fún ohun gbogbo: wárápá, crise ni, òrìṣà gùn ún, crise ni, inú bí i ó bú sẹ́kún, crise náà ni. Torí náà, bí nọ́ọ̀sì bá bi yín, ẹ má sọ pé ó ṣe crise kẹ́ ẹ dákẹ́. Ẹ má sì sọ pé "nǹkan ló gùn ún." Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí: ìgbà tó bẹ̀rẹ̀, ohun tó ń ṣe kó tó ṣubú, iye ìṣẹ́jú tó lò, bóyá ó gbọ̀n, bóyá ó tọ̀ sára, bóyá ara rẹ̀ gbóná, bóyá ó ń sùn lóru, ohun tó mu. Ẹni tó bá ní fóònù lè ka fídíò díẹ̀ láti fi han dókítà, kó má pín in fún ẹnikẹ́ni mìíràn. Ẹ jẹ́ kí dókítà fún un lórúkọ.

Ẹbí tó bá gbà pé ọwọ́ ayé tàbí ọwọ́ òrìṣà wà níbẹ̀, ẹ ṣe ètùtù yín, ẹ gba àdúrà yín. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí oògùn bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Òrìṣà ò ní bínú nítorí pé ọmọ rẹ̀ gba ìtọ́jú.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ olùgbọ́

Kí olórí ẹgbẹ́ ka ìbéèrè wọ̀nyí, kí tọkùnrin tobìnrin fèsì, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ náà sọ̀rọ̀.

1. Ní abúlé tiyín, àwọn ọ̀rọ̀ wo lẹ ń lò fún ẹni tí orí rẹ̀ dàrú? Èwo nínú wọn ló jẹ́ èébú, tó yẹ ká fi sílẹ̀?

2. Ẹ bi àgbà ẹlẹ́gùn kan, tàbí ìyálórìṣà, tó bá fẹ́ dáhùn: báwo ló ṣe ń mọ̀ pé ohun tó ń ṣe ènìyàn kì í ṣe òrìṣà?

3. Ṣé ọmọ kan wà ní àdúgbò tí kì í lọ sílé ìwé mọ́ nítorí pé ó ń ṣubú? Ta ló máa bá àwọn òbí rẹ̀ sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láì fa ìtìjú? Ta ló máa tẹ̀ lé wọn dé ilé ìwòsàn?

4. Ẹ̀yin ìyá tó ń gbẹ̀bí, ẹ̀yin ìyá ọkọ: lẹ́yìn ìbímọ, ta ló ń bi ìyá ìkókó bóyá ó sùn?

Ẹ kọ ìdáhùn yín sílẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ rán ẹnì kan wá sí ilé iṣẹ́ rédíò. A máa ka díẹ̀ nínú wọn láì dárúkọ ẹnikẹ́ni.